Ọwọ́ Igi Ìṣáná

"Débọ́lá, bá mi mú tọ́wẹ̀lì funfun yẹn wá. Àwọn ọmọ mi fẹ́ jáde nínú omi."

Débọ́lá bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. Òun nìkan ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí, ó sì ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń wí yìí, èyí tó ga jù nínú wọn kò ju ìka àárín lọ. Ọmọlangidi mẹ́rin ni wọ́n. Wọ́n dúró sínú abọ́ omi ọṣẹ lórí tábìlì pálọ̀, omi dé wọn láyà, ojú wọn sì dùn bí ojú ẹni tó lọ najú létí òkun.

"Mummy, ẹ tún ti ń wẹ ọmọ? Ẹ má jẹ́ kí òtútù mú wọn o."

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá fẹ́ràn nǹkan dénú, èmi náà á wá fi ọ́ rẹ́rìn-ín."

Martha ni orúkọ ìyá náà. Ó ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnì fún àwọn aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkòsì Road, ní Kétu, kì í sì í ráyè jókòó láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé yìí, nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2005, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù rárá. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun, ó ń fọ ojú àwọn ọmọlangidi náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń kọrin jẹ́jẹ́ fún wọn.

Kí ẹ má rò pé ohun ìṣeré ọmọdé lásán ni o. Ike ni wọ́n fi ṣe wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe wọ́n mọ iṣẹ́. Aláṣọ pupa fọwọ́ lé ìbàdí, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́ ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Aláṣọ aró di ojú méjèèjì, ó ya ẹnu, bí o bá sì gbé e sún mọ́ iná, wàá rí eyín wẹ́wẹ́ nínú ẹnu náà. Aláṣọ ewé ń jó ní tirẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi dúró lórí bàtà gogoro, kò sì ṣubú rí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ṣì ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú agolo.

Aláṣọ ìyeyè nìkan ló dà bí ìyá arúgbó. Ọ̀dà ti ṣí ní èjìká rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bí akọrin tó fẹ́ gbé orin, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kì í ṣe ti ike mọ́. Láti ìgúnpá lọ, igi ìṣáná kan ni. Wọ́n fi òwú ìyeyè wé e mọ́ apá, wọ́n sì fi kútẹ́sì tí obìnrin fi ń kun èékánná lẹ̀ ẹ́ pa. Orí pupa ìṣáná náà ló di makirofóònù tó mú lọ́wọ́. Nígbàkigbà tí Martha bá dé orí eléyìí, orin rẹ̀ á dákẹ́, á fi àtàńpàkò fọ̀ ọ́ dípò búrọ́ọ̀ṣì. Débọ́lá rò pé nítorí pé ó burẹ́wà ni.

Àwọn Òṣùmàrè ni ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n fi ọmọlangidi yìí ṣe. Nígbà tí Martha wà nílé ẹ̀kọ́ girama ní Abẹ́òkúta, kò sí ọmọbìnrin tí kò gé irun bíi ti wọn tàbí tí kò lè kọ orin wọn láìwo ibì kankan. Ọmọbìnrin mẹ́rin, ohùn mẹ́rin, àwọ̀ mẹ́rin! Bí rédíò bá ti gbé orin wọn sáfẹ́fẹ́, obìnrin tó ń fọṣọ á sinmi, ọmọ tó ń sunkún á gbàgbé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu oníkòkó, tó ti kógbá sílé tipẹ́, ló ń fi ọmọlangidi wọn sínú agolo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. O kò lè mọ ẹni tó wà nínú èyí tó o rà àfi ìgbà tó o bá já a.

Martha àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, Yẹ́misí, Ọláìyá àti Fúnmilọ́lá, kò sí èyí tó lè dá agolo rà nínú wọn. Wọ́n á da owó pọ̀, wọ́n á ra ẹyọ kan, wọ́n á sì mu ún tán pátápátá kí wọ́n tó ra òmíràn, torí ìyá Fúnmilọ́lá ti kìlọ̀ pé òun kò fẹ́ rí ìfiṣòfò nílé òun. Aláṣọ pupa jáde títí ó fi sú wọn. Aláṣọ ìyeyè ló dé kẹ́yìn, ọjọ́ tó sì dé, igbe tí wọ́n ké kó àwọn ará ilé jáde. Ìgbà tí wọ́n wá pé tán ni wọ́n bi ara wọn pé ta ló ni wọ́n.

Kò sí ẹni tó lè dáhùn. Nítorí náà wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ti ń rí lọ́dọ̀ àwọn ìyá wọn: wọ́n sọ wọ́n di àjọ. Ọdún kan gbáko ni àwọn Òṣùmàrè ń lò lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn. Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù Kọkànlá ni ọjọ́ ìgbàjọ. Ẹni tó fẹ́ gbé wọn jáde á wẹ̀ wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, á fi aṣọ rírọ̀ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á kó wọn sínú agolo bísíkíìtì. Kò sì gbọdọ̀ tú wọn mọ́. Ẹni tó gbà wọ́n ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú wọn nílé tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ yìí lọ́kọ, wọ́n bímọ, wọ́n fi Abẹ́òkúta sílẹ̀, àjọ náà kò sì dúró lọ́dún kan rí.

Débọ́lá mọ gbogbo èyí dáadáa. Ó mọ̀ pé ọdún ti ìyá òun ti ń parí lọ. Ó sì mọ̀ pé Aunty Yẹ́misí ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, nítorí náà ó dá a lójú pé Aunty Ọláìyá tó ń gbé ní Anthony ló kàn láti gbà wọ́n. Ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ nìyẹn, ibẹ̀ náà ni àṣìṣe rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀.

Níbi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí Débọ́lá ń lọ fún ìmúrasílẹ̀ WAEC ní Kétu, ojú ń pọ́n ọn. Kì í ṣe torí ìwé. Orí rẹ̀ pé. Torí fóònù ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní fóònù tán, wọ́n ń fi orin ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ: "Kò-Ní-Nọ́ńbà." Bí olùkọ́ bá ti jáde, ẹnì kan á pè é láti ẹ̀yìn, "Kò-Ní-Nọ́ńbà, fún mi ní nọ́ńbà ẹ jàre!" Gbogbo kíláàsì á sì dà á sí ẹ̀rín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á máa gbóná.

Adédiwúrà, tí ọkọ̀ máa ń gbé wá láti Magodo, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọjọ́ ìwẹ̀ ni Débọ́lá ń ṣe ẹ̀fẹ̀ fún un bí ìyá òun ṣe ń wẹ ọmọlangidi bí ìkókó. Adédiwúrà kò rẹ́rìn-ín.

"Dúró ná. Àwọn Òṣùmàrè? Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Èyí tó wọ yẹ́lò náà wà níbẹ̀?"

"Ó wà. Òun ló rí jágajàga jù. Wọ́n fi igi ìṣáná ṣe ọwọ́ ẹ̀."

Adédiwúrà gbá a lápá mú. "Débọ́lá, gbọ́. Mẹ́ta ni Mummy mi ní. Ti yẹ́lò nìkan ni wọn ò rí rà. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ ìbí wọn ti sún mọ́lé. Bá mi mú un wá, màá fún ẹ ní fóònù mi àtijọ́, èyí tó ń ya fọ́tò. Daddy ti ra tuntun fún mi."

Ó yọ fóònù náà nínú báàgì, ó tẹ̀ ẹ́, iná aláwọ̀ mèremère sì tàn lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó rẹwà. Débọ́lá gbà á, ó wo ara rẹ̀ nínú kámẹ́rà, kò sì fẹ́ dá a padà mọ́.

Ó rò ó lọ, rò ó bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí ó fi délé. Ìyá òun ti wé wọn, kò sì ní tú wọn mọ́. Inú ilé Aunty Ọláìyá ni wọ́n á ti tú u. Bí wọn ò bá rí aláṣọ ìyeyè níbẹ̀, ta ló lè mọ ibi tó ti bọ́? Àti pé, èyí tó burú jù nínú wọn ni. Bóyá ara á tiẹ̀ tù wọ́n. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó gun àga, ó sọ agolo bísíkíìtì kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ aláṣọ ìyeyè, ó sì wé ègé àbẹ́là kan sínú aṣọ rírọ̀ dípò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì fóònù náà ti wà nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Fóònù wá di wàhálà lójú ẹsẹ̀. Kò lè tàn án nílé, kò lè jẹ́ kó dún, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tó ti rí i. Ìwọ̀nba ìgbà tó ń gbádùn rẹ̀ ni ìgbà tó bá wà nílé ìwẹ̀ pẹ̀lú omi tó ṣí sílẹ̀. Òun náà rí i pé ọ̀rọ̀ náà rí bákan.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, ìyá àti ọmọ ń jẹ ẹ̀wà àti dòdò. Inú Martha ń dùn, ó ń sọ ohun tó fẹ́ sè ní Sátidé.

"Ibí la ti máa tú wọn lọ́tẹ̀ yìí," ni ó wí.

Dòdò dúró lẹ́nu Débọ́lá. "Ibí? Ṣebí ilé Aunty Ọláìyá ni wọ́n ti máa tú u?"

"Ta ló sọ pé Ọláìyá ló kàn? Yẹ́misí ló kàn."

"Mummy, Aunty Yẹ́misí ti kú."

"Mo mọ̀ pé ó ti kú, ṣé èmi kọ́ ni mo lọ sin ín?" Ohùn Martha rẹlẹ̀ díẹ̀. "A ti jókòó sọ ọ́. Òun náà dá owó agolo, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la mu kòkó yẹn. A ò lè fò ó. Tiwalọlá ọmọ ẹ̀ ló ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀, òun ló máa gbà á. Ọmọ yẹn ò mọ bí a ṣe ń ṣe é, ìdí tí a ṣe fẹ́ tú u níbí nìyẹn, ká lè fi hàn án. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ojú ẹ̀ nígbà tó bá kan aláṣọ ìyeyè."

"Kí ló ṣe aláṣọ ìyeyè?"

Martha gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mi ò sọ fún ẹ rí? Ojú ló ń tì mí ni. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ fi rún. Ọjọ́ tó dé gan-an ni o! Ijó ni mò ń jó. Mo sunkún débi pé mo fẹ́ sá lọ sílé. Ọláìyá ò bá mi sọ̀rọ̀. Yẹ́misí ló jókòó sílẹ̀, tó fa ìṣáná yọ nínú páálí, tó tú òwú lára yẹ̀rì ẹ̀. Ó fi eyín so ó. Ó wá gbé e sókè, ó ní, 'Ẹ dákẹ́ ariwo, makirofóònù tuntun ti dé láti òkè òkun!' La bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín." Ó nu ojú rẹ̀. "Gbogbo nǹkan tí Yẹ́misí fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe láyé, igi ìṣáná yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ wa. Ó yẹ kó dé ọwọ́ ọmọ ẹ̀."

Débọ́lá ti àwo ẹ̀wà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun ti yó, ó dìde.

Ní Ọjọ́bọ̀, kò lọ sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Ilé Adédiwúrà ní Magodo ló gbà lọ. Ẹ̀ṣọ́ tó wà ní géètì yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ilẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè títí, kó tó jẹ́ kó wọlé. Bí Adédiwúrà ti jáde sí i, Débọ́lá ti ti fóònù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Gba fóònù ẹ. Jọ̀ọ́, fún mi ní nǹkan yẹn padà."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Mummy ẹ ti mọ̀?"

Débọ́lá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí Aunty Yẹ́misí títí dórí Tiwalọlá. Adédiwúrà kì í ṣe ọmọ burúkú. Ojú rẹ̀ yí padà kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Ó wọlé lọ, ó mú aláṣọ ìyeyè wá nínú páálí kékeré aláràbarà kan. Ọmọlangidi náà mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún dé ìgúnpá, ó pin síbẹ̀.

"Igi ìṣáná yẹn dà?"

"Mo ti yọ ọ́ sọnù," ni Adédiwúrà wí, ohùn rẹ̀ kò tó nǹkan. "Ó burẹ́wà ni, mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi ṣe ọwọ́ gidi sí i. Àwọn tó ń kó pàǹtí ti gbé e lọ láàárọ̀ yìí. Débọ́lá, má bínú. Mi ò mọ̀."

Débọ́lá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Àwọn òdòdó tí wọ́n gbìn sẹ́nu ọ̀nà ń mì lẹ́lẹ́. Adédiwúrà jókòó tì í.

"Ṣé igi ìṣáná ṣá ni? Ìṣáná gbogbo, ìṣáná kan náà ni. Wá òmíràn, wé òwú sí i. Ta ló máa mọ̀?"

Ìmọ̀ràn náà dùn létí, òun gan-an ló sì ṣe. Ó mú òwú ìyeyè ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó mú kútẹ́sì, ó ti ilẹ̀kùn yàrá. Ó fi abẹ́ gé ìṣáná níwọ̀n, ó wé òwú náà ní títẹ̀léra láìsí èyí tó gun èkejì, ó fi kútẹ́sì kùn ún, ó sì dúró títí ó fi gbẹ. Nígbà tó gbé e sókè, ó jọ ti tẹ́lẹ̀. Ká tiẹ̀ sọ pé ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yọ àbẹ́là kúrò nínú aṣọ rírọ̀, ó wé ọmọlangidi náà síbẹ̀, ó dá agolo padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí, ó dára bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Ọjọ́ Sátidé, ilé kún. Aunty Ọláìyá, tó sanra tó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó fẹ́ pani lẹ́rìn-ín, ló kọ́kọ́ dé láti Anthony. Aunty Fúnmilọ́lá gbé mọ́ínmọ́ín wá láti Alápẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin. Àwọn ìyá tó ti lé ní ogójì ọdún! Aunty Ọláìyá fọwọ́ lé ìbàdí bí aláṣọ pupa, Martha di ojú bí aláṣọ aró, Aunty Fúnmilọ́lá gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó sì ṣubú sórí àga. Débọ́lá, tó ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láti kékeré, wò wọ́n lọ́jọ́ náà, ó sì rí i pé wọ́n lẹ́wà. Ó rí i pẹ̀lú pé àyè kan ṣófo láàárín wọn, pé ohùn kan ṣoṣo wà nínú orin náà tí kò sí ẹni tó ń gbé e.

Tiwalọlá jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Ẹgbẹ́ Débọ́lá ni, ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gbé agolo lé e lẹ́sẹ̀.

"Ìwọ ni kó o tú u," ni Martha wí. "Fara balẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lé wa."

Ó tú aláṣọ pupa, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tú aláṣọ aró, ó sì wo eyín wẹ́wẹ́ rẹ̀ títí, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé. Ó tú aláṣọ ewé, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, kò ṣubú. Nígbà tó kan ti ìkẹyìn, àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sún mọ́ ọn.

Tiwalọlá tú u. Ó fi ìka kan tọ́ òwú náà wò. "Èyí tí Màámi ṣe nìyí?"

"Òun nìyẹn, ọmọ mi," ni Aunty Fúnmilọ́lá wí.

"Ọwọ́ wọn gan-an ló kan òwú yìí? Àwọn ló wé e báyìí?"

"Ojú wa ló ṣe é."

Tiwalọlá di ojú. Ó gbé ọwọ́ igi ìṣáná náà, ó fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ láìsí ariwo.

"Rárá," ni Débọ́lá wí.

Kò sí ẹni tó gbọ́. Ó dìde.

"Ẹ dákun, kì í ṣe tiwọn. Èmi ni mo ṣe é. Ọjọ́bọ̀ ni mo ṣe é."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ níwájú wọn, fóònù, àbẹ́là, Magodo, pàǹtí. Kò bu iyọ̀ sí i, kò sì dá Adédiwúrà lẹ́bi. Nígbà tó parí, Aunty Ọláìyá tó máa ń rẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín. Martha kò lù ú, kò sì pariwo. Ó kàn jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èyí sì dun Débọ́lá ju ẹgba lọ. Tiwalọlá gbé ọmọlangidi náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Débọ́lá tẹ̀lé e. Ó kúnlẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́.

"Tiwalọlá, má bínú sí mi. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Tiwalọlá kò wò ó. "Kí ló dé tó o sọ? Mi ò bá má mọ̀ láéláé. Inú mi ti dùn."

"Torí pé o fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ." Ẹkún gba ohùn Débọ́lá. "Ọwọ́ mi lo fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó o ń pè é ní ti màmá ẹ. Mi ò lè wò ó."

Nísàlẹ̀, ẹnì kan ń pe oníbúrẹ́dì. Tiwalọlá nu ojú, ó fi Débọ́lá sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó padà sí pálọ̀. Ó mú aláṣọ ìyeyè, ó fa igi ìṣáná Débọ́lá yọ, ó sì wo àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ẹ kọ́ mi."

Wọ́n kọ́kọ́ wo ara wọn. Lẹ́yìn náà Aunty Ọláìyá lọ mú ìṣáná ní kíṣíìnì, Martha wá òwú. Awuyewuye sì bẹ̀rẹ̀. Ọláìyá ní láti òkè ni Yẹ́misí ti bẹ̀rẹ̀ sí wé e. Fúnmilọ́lá ní irọ́ ni, ìsàlẹ̀ ni, òun ló mú apá náà fún un. Martha ní kí wọ́n má gbàgbé pé eyín ló fi so ó. Tiwalọlá ń gbọ́, ó ń tú u, ó tún ń wé e, ó fi eyín so ó. Kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Òwú náà gun orí ara rẹ̀, igi ìṣáná sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ọwọ́ ẹni tó ń dá bọ́ọ̀sì dúró. Ti Débọ́lá gún ju èyí lọ fíìfíì.

"Mo ti bà á jẹ́," ni Tiwalọlá wí.

Aunty Fúnmilọ́lá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, ẹkún ló jáde.

"Bó ṣe wọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an nìyí," ni ó wí. "Martha, wò ó. Bó ṣe wọ́ gan-an nìyí."

Kí Tiwalọlá tó gbé agolo náà lọ sí Abẹ́òkúta nírọ̀lẹ́, ó fi igi ìṣáná Débọ́lá lé e lọ́wọ́. "Gba tìẹ," ni gbogbo ohun tó sọ. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bú u. Ìyá Débọ́lá ní tirẹ̀ dá ẹjọ́ tirẹ̀ nígbà tí àlejò lọ tán. Ó ní ọwọ́ Débọ́lá kò gbọdọ̀ kan àwọn ọmọlangidi náà mọ́ títí wọn yóò fi yí gbogbo ilé ká tí wọ́n á padà sí Kétu. Ó pẹ́ kí ó tó tún kọrin níwájú rẹ̀.

Débọ́lá fi igi ìṣáná náà sínú àpò bírò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe WAEC lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ na ìdáhùn tí wọ́n ti kọ síwèé sí i lábẹ́ àga, ó ní kò sí ẹni tó máa mọ̀. Débọ́lá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, ó sì ti rí ibi tó ń gbé ènìyàn lọ. Ó mi orí, ó sì kọ ohun tó mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ gbọ́. Ohun tó burẹ́wà lójú yín lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù fún ẹlòmíràn, nítorí náà ẹ má fi ojú tiyín díwọ̀n ohun tí wọ́n fi sí ìpamọ́ yín. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ má fi irọ́ tó dán bò ó. Débọ́lá kò lè dá ọwọ́ Aunty Yẹ́misí padà, ṣùgbọ́n òótọ́ tó sọ ló fún ọmọ rẹ̀ láyè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òmíràn.

Lọ́dún 2008 ni agolo bísíkíìtì náà tún padà sí Kétu. Débọ́lá ti wà ní yunifásítì nígbà náà, ó wálé fún ìsinmi. Martha gbé e sórí tábìlì, ó wo agolo, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì tì í sí iwájú rẹ̀.

"Tú u," ni ó wí.

Débọ́lá kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó tú aláṣọ ìyeyè kẹ́yìn, ó fi àtàńpàkò nu ọwọ́ tó wọ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ohùn tó ṣófo nínú orin ìyá rẹ̀.